Bọ̀dá Agent Ní Kí N Mú ₦650,000 Wá, Mo Máa Lọ Ṣiṣẹ́ Ní Káǹpù Ọmọdé L'Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo ń kàwé níbí l'Óṣogbo, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní summer lesson ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókè-Fìà. Bọ̀dá kan tó ní ọ́fíìsì ní Ọláìyá ló ní òun máa bá mi ṣe físà kí n lọ jẹ́ káńsẹ́lọ̀ ní káǹpù àwọn ọmọdé l'Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́ta péré, tí mo bá ti débẹ̀ kí n yáa sá wọ iṣẹ́ míì. ₦650,000 ló ní kí n kọ́kọ́ mú wá, màmá mi sì ti fẹ́ kó owó àjọ wọn fún mi. Ṣé kí n san án? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jẹ́ kí owó àjọ màmá ẹ wà níbi tó wà jàre. Físà J, ti àwọn tó ń lọ fún ètò pàṣípààrọ̀, ni àwọn káńsẹ́lọ̀ káǹpù máa ń gbà (àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ní káǹpù ni o, kì í ṣe káńsẹ́lọ̀ ìjọba ìbílẹ̀), Amẹ́ríkà sì ti dá físà yẹn dúró fún àwa ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, kí wá ni bọ̀dá Ọláìyá fẹ́ fowó ẹ ṣe? Tó bá ní òun mọ èèyàn ní embassy, dìde, sọ fún un pé o fẹ́ lọ ra pure water.

Tí wọ́n bá tún ṣí i lọ́jọ́ kan, bó ṣe máa ń lọ nìyí: sponsor, ìyẹn àjọ tó ń ṣètò ìrìn àjò náà, tí State Department (ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè) fọwọ́ sí ló máa fọ̀rọ̀ wá ẹ lẹ́nu wò, wọ́n á bá ẹ wá káǹpù, wọ́n á fún ẹ ní fọ́ọ̀mù DS-2019 tó fi hàn pé wọ́n ti gbà ẹ́ sí ètò náà, òun lo máa gbé lọ embassy. Owó físà dọ́là 185, ti SEVIS (ibi tí ìjọba wọn ń kọ orúkọ àwọn tó wá kàwé tàbí wá fún irú ètò yìí sí) fún káńsẹ́lọ̀ dọ́là 35, sponsor náà á gba tiẹ̀. Agent tí ò lè dárúkọ sponsor, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an, ọmọ títọ́ ni tọ̀sán tòru. Inú ilé kan náà lẹ jọ máa sùn, èyí á máa sunkún ilé lóru, èyí á tọ̀ sórí ibùsùn, òmíì ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà rárá torí ara ẹ̀ ò gbà á, tẹ́ ẹ bá dé etí omi o máa ka orí wọn ṣáá ni. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, oúnjẹ àti ibùsùn ló pọ̀ jù ńbẹ̀. Ní ti sísá yẹn, oṣù mẹ́rin ni òpin físà yẹn, wọn kì í fi kún un, ẹni bá sá ti ba ti ọjọ́ iwájú jẹ́.

Máa ṣe summer lesson ẹ lọ, gba lẹ́tà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́ àdìrẹ pẹ̀lú, o ṣáà wà l'Óṣogbo, àwọn káǹpù fẹ́ràn ẹni tó lè kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́.

Ìbéèrè: Àǹtí, ṣé dandan ni kéèyàn mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́? Ìtòsí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, mi ò tiẹ̀ lè dá ẹsẹ̀ bọ omi.

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan, lifeguard ló ń ṣọ́ omi. Ṣùgbọ́n má parọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ káǹpù máa ń ní kí òṣìṣẹ́ wọ omi kí wọ́n fi wò ó kí àwọn ọmọ tó dé.