Ẹ Bi Wá: Darlington, pápá tó ń pa táyà

Southern 500 ló kún inú àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ìdíje ọkọ̀ NASCAR (àjọ tó ń ṣètò eré-ìje ọkọ̀) ni, ní Darlington, ìpínlẹ̀ South Carolina, lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú Labor Day ní Amẹ́ríkà. Yípo 367 ni wọ́n ń sá lórí pápá tó jẹ́ máìlì 1.366, àpapọ̀ rẹ̀ lé ní máìlì 501, ìyẹn bíi kìlómítà 807.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àwòrán pápá Darlington tí wọ́n yà láti òkè. Apá kan fẹ̀, apá kejì há, bí ẹyin adìyẹ. Ṣé àwọn tó kọ́ ọ kò wọ̀n ọ́n dáadáa ni? — Òǹkàwé, Ìbàdàn

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Adágún ẹja ló fà á. Nígbà tí Harold Brasington, ẹni tó kọ́ pápá náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1949, ọwọ́ Sherman Ramsey ló ti gba ilẹ̀ náà. Ramsey ní adágún kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ ọ̀hún tó ń sin ẹja wẹ́wẹ́ sí, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Brasington gbà. Bí wọ́n ṣe fa apá ìwọ̀-oòrùn wọlé nìyẹn, tí wọ́n sì fi apá ìlà-oòrùn sílẹ̀ kó fẹ̀. Wọ́n parí pápá náà ní 1950.

Lónìí, kọ́nà 1 àti 2 ló fẹ̀, ilẹ̀ wọn sì dàgẹ̀rẹ̀ ní dìgírì 25. Kọ́nà 3 àti 4 há, dìgírì 23 ni tiwọn. Bí ẹ bá ń ka ìròyìn ìdíje àtijọ́, ẹ ṣọ́ra níbí: ní 1997, wọ́n gbé ìlà ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin lọ sí òdìkejì pápá. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ń pè ní kọ́nà 1 ṣáájú ọdún yẹn ni kọ́nà 3 òde òní.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá tò kó yà dáadáa ní apá kan yóò máa yọ awakọ̀ lẹ́nu ní apá kejì. Kò sí mẹkáníìkì tó lè mú méjèèjì dọ́gba. Ńṣe ni wọ́n máa ń yan ibi tí awakọ̀ wọn yóò ti jìyà.

Kí ló dé tí àwọn awakọ̀ wọ̀nyí máa ń ha ara ògiri nígbà gbogbo? Àbí wọn ò rí i ni? — Ìyá Ìbejì, Charlotte

Wọ́n rí i, mà. Ẹ̀bá ògiri gan-an ni ọ̀nà tó yá jù lọ wà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti ògiri ní gbogbo yípo, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀.

Ibi tó burú jù ni ìjáde kọ́nà 2. Awakọ̀ ti ń tẹ iná kí ọkọ̀ tó yà tán. Bí táyà bá ti gbó, imú ọkọ̀ kò ní gbọ́ràn mọ́, ọkọ̀ á máa fà sókè, igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún á sì fara kan ògiri. Àmì tó máa ń kù sára ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní Darlington stripe. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní àmì náà kò tíì sáré tó.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ láti 2022 tí ọkọ̀ Next Gen, irú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń sá báyìí, ti dé. Páànù ni bọ́dì ọkọ̀ àtijọ́. Bó bá gbá ògiri, páànù á ká wọnú, á máa ha táyà, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í rú, táyà á sì bẹ́ lẹ́yìn yípo díẹ̀ bí wọn ò bá tètè fà á jáde. Bọ́dì tòde òní kì í ṣe páànù mọ́. Ó máa ń ta padà, ọkọ̀ á dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Abẹ́ ọkọ̀ ni ìyà náà lọ. Irin kan wà lẹ́yìn tó ń mú ẹsẹ̀ táyà dúró lójú kan, toe link lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ ti táì-róòdù. Bó bá ti tẹ̀, aláìmẹ́ǹtì ti bàjẹ́ nìyẹn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ wo ọwọ́ awakọ̀ níbi tí ọ̀nà ti tọ́. Bí ọ̀nà bá tọ́ tí síárìn-ín kò tọ́, irin yẹn ti tẹ̀, bó ti wù kí ara ọkọ̀ dán tó.

Ọkọ̀ kan wà ní ipò kẹjọ. Ó wọ pít (ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà, tí wọ́n sì ń da epo) ṣáájú gbogbo èèyàn, a ní ó ti tán fún un. Nígbà tí àwọn tó kù wọ pít tí wọ́n sì jáde, òun ló wà níwájú, kò sì lé ẹnikẹ́ni kọjá lójú wa. Ṣé màgòmágó wà ńbẹ̀ ni? — Ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń wòran, Ọ̀ṣogbo

Kò sí màgòmágó kankan. Táyà ni.

Ọ̀dà Darlington gbó, ó sì ń ha táyà jẹ. Iyanrìn ilẹ̀ ibẹ̀ náà ń dá kún un. Nígbà tí táyà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tuntun, yípo kan máa ń tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Bí yípo bíi ọgbọ̀n tàbí ogójì bá ti kọjá lórí táyà kan náà, ọkọ̀ yẹn lè ti fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ falẹ̀ ní yípo kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ kò ṣe nǹkan tó burú, rọ́bà ló tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní lágbájá wọ pít ní yípo márùn-ún ṣáájú àwọn tó kù, tó sì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì yá jù wọ́n lọ ní yípo kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó wọlé, ó ti jèrè ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Gbogbo wọn ló máa lo iye àsìkò kan náà nínú pít, torí náà èrè yẹn kò ní sọnù. Ibi tí ó ti kọjá yín nìyẹn: inú pít ni wọ́n wà nígbà tó kọjá lára wọn.

Ẹ̀yin á ní, kí ló dé tí gbogbo wọn kò fi tètè wọlé? Ìdí méjì ni. Èkíní, ẹni tó tètè wọlé ni táyà rẹ̀ yóò gbó jù nígbà tí apá yẹn bá ń parí lọ. Ohun tó jèrè nísinsìnyí, ó lè san án padà tó bá yá. Èkejì ló ń dẹ́rù ba àwọn olórí ẹgbẹ́: àsíá òfeefèé, tí wọ́n máa ń gbé sókè bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ kí gbogbo ọkọ̀ lè rọra rìn. Ẹni tó bá wọ pít lábẹ́ àsíá aláwọ̀ ewé, ìyẹn nígbà tí eré ń lọ geere, máa ń pàdánù bíi yípo kan. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ kété lẹ́yìn tó jáde, àwọn tí kò tíì wọlé á wọlé pẹ̀sẹ̀ nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ń rọra rìn, òun á sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú gbèsè yípo kan lọ́rùn. Lóòótọ́, òfin wà tó ń dá yípo kan padà fún ẹni tó kọ́kọ́ wà nínú àwọn tí wọ́n ti fi yípo ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń jàǹfààní rẹ̀ ní àsíá kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ìdíje náà sí: apá kìíní parí ní yípo 115, ìkejì ní 230, ìkẹta ní 367. Ẹni tó bá gba apá kìíní tàbí ìkejì ń gba póìntì mẹ́wàá, ipò kejì mẹ́sàn-án, títí dé ipò kẹwàá tó ń gba ẹyọ kan. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò wọ pít nígbà tí yípo 115 ń sún mọ́, póìntì ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ táyà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdíje àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní September 4, 1950, ọkọ̀ 75 ló bẹ̀rẹ̀ eré. Johnny Mantz wà ní ipò 43, nínú Plymouth kékeré tí kò lágbára. Àwọn ọkọ̀ ńlá sá kọjá lára rẹ̀, táyà wọn sì ń bẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Mantz ti fi táyà líle, irú ti ọkọ̀ akẹ́rù, sí tirẹ̀, ó ń rọra lọ. Eré náà gbà ju wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ. Nígbà tó parí, ó ti fi yípo mẹ́sàn-án ṣáájú Fireball Roberts tó ṣe ipò kejì.

Mẹkáníìkì ni mí ní Mushin. Mo gbọ́ tí awakọ̀ ní ọkọ̀ òun “tight”. Nígbà tó wọ pít, ẹnì kan ki irin gígùn bọ ojú gíláàsì ẹ̀yìn, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ọ́. Kí ló tú? — Ọ̀gá Múfútàù

Ọ̀gá, kò tú nǹkan kan. Wẹ́ẹ̀jì ló yí. Bóòtù kan ló wà lórí sípríńgì ẹ̀yìn. Bí ẹ bá yí i wọlé, sípríńgì igun yẹn á gbé ẹrù púpọ̀ sí i. Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni kí ẹ fi wò ó: ẹ ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ yẹn àti èyí tó kọjú sí i ní igun kejì ni yóò máa gbé ẹrù jù. Nínú ọkọ̀ tó ń yà sí òsì nìkan, bí ẹrù bá pọ̀ lórí ẹ̀yìn òsì àti iwájú ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ á dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n imú á kọ̀ láti yà. Tight nìyẹn. Bí ẹrù bá kúrò níbẹ̀ jù, imú á yà wẹ́rẹ́, ìdí á sì máa sá lọ sókè. Loose nìyẹn. Ẹni tó ní ọkọ̀ òun tight, wọ́n á dín wẹ́ẹ̀jì kù fún un.

Afẹ́fẹ́ táyà ni ohun èlò kejì. PSI (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) kan, tàbí ìdajì rẹ̀ pàápàá, ti tó láti yí ìwà ọkọ̀ padà. Afẹ́fẹ́ ti apá òsì máa ń kéré sí ti apá ọ̀tún. Ewu rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jẹ ìgbádùn jù á dín afẹ́fẹ́ òsì jù, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ káká lórí ilẹ̀ dídàgẹ̀rẹ̀, á gbóná, á sì fọ́. Bí ẹ bá rí táyà ẹ̀yìn òsì tó bẹ́ láìsí ohun tó gún un, ẹ kọ́kọ́ fura sí géèjì.

Ìyàtọ̀ kan tún wà sí iṣẹ́ tiyín: nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló wà láàárín rímù báyìí, kì í ṣe márùn-ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló ń fo ògiri pít: àwọn méjì tó ń tú táyà, ẹni tó ń gbé e, onijáàkì, àti ẹni tó ń da epo. Apá ọ̀tún ni jáàkì ń kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà òsì. Táyà mẹ́rin pẹ̀lú epo máa ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Bí táyà àlòkù bá yí lọ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ìjìyà ni. Bí ó bá jẹ́ lábẹ́ àsíá òfeefèé, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni wọ́n á rán ọkọ̀ náà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Southern 500 máa ń bẹ̀rẹ̀, alẹ́ ló sì ń parí. Ilẹ̀ máa ń tutù, táyà á túbọ̀ di ilẹ̀ mú, ìwà ọkọ̀ á sì yí padà. Ẹgbẹ́ tó tún ọkọ̀ ṣe kó pé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, wọ́n ti tún un ṣe fún eré tí wọn kò ní sá.

Báwo ni awakọ̀ ṣe ń mọ iye tó ń sá nínú pít? Wọ́n ní kò sí mítà iyára nínú ọkọ̀ wọn. — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta

Kò sí lóòótọ́. Iye ìgbà tí ẹ̀ńjìnnì ń yí, RPM, ni wọ́n ń wò, nínú gíà kan pàtó tí wọ́n ti yan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín ọ̀nà pít sí ẹsẹẹsẹ, wọ́n sì ń ka àsìkò tí ọkọ̀ lò nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mú ẹni tó bá sáré kọjá òpin iyára inú pít.

Ṣé adúláwọ̀ kankan ti borí nínú eré yìí rí? — B. A., Peckham

Ní ìpele NASCAR tó ga jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ní Southern 500. Wendell Scott borí ní Jacksonville, Florida, ní December 1, 1963. Buck Baker ni wọ́n kọ́kọ́ kéde. Nígbà tí wọ́n tún ìwé yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé Scott ti sá yípo 202 nínú eré tó jẹ́ yípo 200, àmọ́ àwọn òǹwòran ti lọ sílé. Ó kú ní 1990. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ife-ẹ̀yẹ lé ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dún yẹn náà, ní October, Bubba Wallace borí ní Talladega, òun sì ni adúláwọ̀ kejì.

Àwa àti àwọn ọmọ wa méjì fẹ́ wá láti Atlanta. A tún fẹ́ lo àǹfààní náà láti dé Ọ̀yọ́túnjí, abúlé àṣà Yorùbá. Kí ni ká gbé dání? — Bàbá Títí

Etí àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ariwo ọkọ̀ bíi mẹ́rìndínlógójì lẹ́ẹ̀kan náà lè ba etí jẹ́. Kí ẹ̀yin àgbà ra fóòmù ìdíétí: ẹ yí i láàárín ìka títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, ẹ tì í bọ inú etí, ẹ fọwọ́ dì í mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kó tó wú. Ó máa ń bọ́ létí ọmọdé, nítorí náà èyí tó bo gbogbo etí ló dára fún wọn.

Ìjókòó òkè ni kí ẹ rà. Ìsàlẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀, owó rẹ̀ sì kéré níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n èérún rọ́bà ni yóò máa ta lù yín, ẹ ò sì ní rí ohun tó ń lọ lódìkejì. Ẹ háyà rédíò skánà ní pápá kí ẹ lè gbọ́ awakọ̀ àti olórí ẹgbẹ́ rẹ̀. Láìsí i, ìdajì ọ̀rọ̀ pít tí a sọ lókè yìí á fò yín dá. Oòrùn September ibẹ̀ mú, eré náà sì lè gbà tó wákàtí mẹ́rin. Omi, fìlà, àti súwẹ́tà fún àwọn ọmọ nígbà tí alẹ́ bá lẹ́. Ẹ ka òfin pápá lórí ìwọ̀n báàgì kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìpínlẹ̀ kan náà ni Ọ̀yọ́túnjí wà, ní Sheldon lọ́hùn-ún lápá òkun, ṣùgbọ́n ìrìn ju wákàtí méjì lọ ló wà láàárín òun àti Darlington. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tàbí ní Monday tó jẹ́ ọlidé. Lọ́jọ́ eré, ẹ dé pápá kó tó di ọ̀sán.