Ṣé Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Ilé Wa Ni Ẹyẹ Tí A Rí ní Kent?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti àwọn ọmọ mi rìn gba ọ̀nà oko kan kọjá ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìgbà ìrúwé yìí, a sì rí àwọn ẹyẹ tó ń fò wọlé fò jáde nínú abà màlúù. Mo sọ fún wọn pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni, irú èyí tó ń kọ́ ìtẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn. Ṣé òótọ́ ni mo sọ? — Ìyá Àìná.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, mà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ ìbátan ti Ìṣẹ́yìn ni, kì í ṣe òun gan-an. Ọ̀fun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí ẹ rí ní Kent, ọ̀fun àti iwájú orí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró tó ń dán, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì, pẹ̀lú ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ti ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ́ ìtẹ́ sára ilé lọ́dọ̀ wa, iwájú orí nìkan ló pọ́n. Ọ̀fun rẹ̀ funfun.

Síbẹ̀, ẹyẹ Kent yìí kì í ṣe àjèjì sí Áfíríkà. Kòkòrò tó ń fò lójú ọ̀run ni oúnjẹ rẹ̀, nígbà tí òtútù bá sì dé, tí kòkòrò wọ̀nyí kò sí mọ́, kò sí ohun tí yóò jẹ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ yìí yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí dé Gúúsù Áfíríkà, ìrìn tó tó nǹkan bí 10,000 kìlómítà, yóò sì padà ní oṣù kẹrin. Ohun ìyanu gbáà ni lójú tèmi. Wọ́n fi òrùka sí ẹsẹ̀ ọ̀kan ní Staffordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1911; ní oṣù kejìlá ọdún 1912, Natal ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti rí i. Irú ẹyẹ yìí kan náà máa ń wà ní Nàìjíríà láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn a sì máa wọ́ wá sùn ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ṣùgbọ́n wọn kì í yé ẹyin lọ́dọ̀ wa.

Ẹ má ṣe ṣì í mú fún ẹyẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní house martin, tí ìdí rẹ̀ funfun báláú, tó sì ń kọ́ ìtẹ́ sí abẹ́ etí òrùlé níta.

Bí ẹ bá tún lọ, ẹ dúró sí ojú ọ̀nà tí òfin yọ̀ǹda fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, níbi tí màlúù bá wà nítòsí, nítorí eṣinṣin ara màlúù ló ń fa ẹyẹ náà wá. Ẹ ṣọ́ etí ọ̀gọ̀dọ̀: ibẹ̀ ni yóò ti máa fi ẹnu bu ẹrẹ̀ tó fi ń kọ́ ìtẹ́, bí ẹ bá sì fi ojú tẹ̀lé e, ẹ ó mọ abà tí ìtẹ́ rẹ̀ wà. Kí àwọn ọmọ má ṣe fọwọ́ kan ìtẹ́ náà, nítorí òfin ọdún 1981 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka bíba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.