Apànìyàn Ló Ń Sọ Ìtàn, Ọmọ Mi Ló Ń Kà Á

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin, Dámi, pé ọdún 15 lóṣù tó kọjá. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń ka ìwé ìtàn àròsọ kan nípa Jack the Ripper, apànìyàn gidi tó ń fi ọ̀bẹ pa obìnrin ní Whitechapel, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1888. Ohun tó ń já mi láyà ni pé apànìyàn yẹn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn: "mo tẹ̀ lé e", "mo bò ó lẹ́nu". Dámi ń kà á sókè fún àbúrò rẹ̀, ó tún ń yí ohùn padà. Bàbá rẹ̀ ní ìwé lásán ni, kí n fọmọ sílẹ̀. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ yanjú ní ìlú òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Dámi

Èsì

Ìyá Dámi, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Mi ò mọ̀ bóyá mo tọ́mọ yanjú o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán láàárín wa di òní.

Ọmọ ọdún 14 ni Tóbi nígbà yẹn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá ń wọlé láàárọ̀, àwọn ọmọ ń jáde lọ síléèwé, ẹnu ọ̀nà la ti ń kíra. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná. Mo ṣí i láàárín. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá: "Mo dúró lẹ́yìn ọgbà títí ó fi dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó ti rẹ̀ kì í ké."

Ìyá Dámi, èmi ni obìnrin tó ti rẹ̀ nínú ilé wa. Bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mò ń kà á.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí ọmọdé bá ní "màá pa ọ́" nínú eré, wọ́n á ti gbá a lẹ́nu kó tó sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń ròyìn ọgbẹ́ ẹlòmíì gan-an kì í fi ara tirẹ̀ júwe. Èmi wá rí "mo" níwájú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkọ̀wé ọmọ mi sì ni. Mi ò dúró kó ti iléèwé dé. Mo pe pásítọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ wa. Wọ́n mú Tóbi kúnlẹ̀ sáàárín, aṣọ iléèwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí. Pásítọ̀ ń bi í ní Yorùbá pé, "Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀? Ta ló ń jẹ́ 'mo' yẹn?" Ọmọ ò gbọ́ ohun tó ń wí. Èmi ni mò ń túmọ̀ fún un. Èmi tí mo lóyún rẹ̀ ni mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá ẹ̀mí àìmọ́ wà nínú rẹ̀. Ó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré: "Kì í ṣe èmi, Mọ́mì. Ìtàn ni." Lẹ́yìn ìyẹn kò la ẹnu mọ́. Ó kàn ń wò mí, wọ́n sì ń gbàdúrà.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ya ìwé náà níṣojú rẹ̀. Ìgbà tí mo ń kó o sínú àpò ìdọ̀tí ni ojú ewé àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Orúkọ obìnrin márùn-ún tí wọ́n gbà pé apànìyàn Whitechapel yẹn pa ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú déètì ikú wọn: Mary Ann Nichols, 31 Oṣù Kẹjọ 1888. Annie Chapman, 8 Oṣù Kẹsàn-án. Elizabeth Stride àti Catherine Eddowes, òru kan náà, 30 Oṣù Kẹsàn-án. Mary Jane Kelly, 9 Oṣù Kọkànlá. Lábẹ́ orúkọ Nichols ó kọ ọ́ pé ilé ibùsùn kò gbà á wọlé lóru ọjọ́ yẹn nítorí kò ní pẹ́nì mẹ́rin, ìyẹn tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ kan lẹ́nu àwọn bàbá wa. Lábẹ́ ti Eddowes, pé àtìmọ́lé ọlọ́pàá ló wà nítorí ó mutí yó, pé aago kan òru ni wọ́n tú u sílẹ̀, kò sì tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí wọ́n bá òkú rẹ̀. Nichols ni obìnrin tó ti rẹ̀. Ọmọ mi ti lọ wádìí ẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa kọ òru tí kò rí ibi sùn.

Mo lọ ra irú ìwé tó kà tó fi ń kọ tirẹ̀. Ó jọ pé ẹgbẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ Dámi ni. Ká sọ tòótọ́, kò dùn mọ́ mi. Wọ́n mú apànìyàn gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, bí ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin yẹn kàn ń wọlé wá kú ni. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rí apànìyàn gidi yẹn mú. Gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé ló rò ó. Orúkọ Jack the Ripper tí wọ́n fi ń pè é gan-an, inú lẹ́tà kan tó dé iléeṣẹ́ ìròyìn ní 27 Oṣù Kẹsàn-án 1888 ló ti wá, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì gbà pé akọ̀ròyìn ló kọ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ fi "mo" sẹ́nu apànìyàn yẹn lè jẹ́ ẹni tó kàn ń wá bí ìwé ìròyìn ṣe máa tà. Tóbi ti kọ èyí náà sínú ìwé rẹ̀, ní etí ojú ewé kẹta. Mo ya á.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, tíṣà kan ní èdè méjì ń da ọmọ láàmú, ló fi ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. A gbà. Ẹ má bá mi wí, ọ̀pọ̀ wa ló ṣe é, ta ló fẹ́ kọ́mọ òun rẹ̀yìn láàárín wọn? Yorùbá bá lọ, àlọ́ bá a lọ. Ẹ rántí ìyá wa àgbà nígbà tí wọ́n bá ń fi ohùn Ìjàpá sọ̀rọ̀: "Mo jí i, mo jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ta ló pe pásítọ̀ fún wọn? "Ààlọ́ o", a ti dáhùn "Ààlọ̀", gbogbo wa ti mọ ibi tá a wà. Bí ó bá sì parí, agogo ẹnu wọn á ró lẹ́ẹ̀mẹta, a ti jáde nìyẹn. Tóbi kò ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àbí kí n sọ pé ó ní in, ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn ni. Èmi ni mo gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹ má gbà á lọ́wọ́ Dámi. Ẹ kà á fúnra yín, látìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo lè búra pé ọkọ yín ò tíì ṣí i. Kíkà á fún àbúrò rẹ̀ yẹn, ẹ dá a dúró lálẹ́; ẹ ò sọ fún wa pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ẹ bi Dámi léèrè ohun tó mọ̀ nípa àwọn obìnrin náà. Bó bá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ nìyẹn, mi ò lè sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ má kàn pe ẹnikẹ́ni wá sí pálọ̀ yín. Mi ò fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ o: bí mo bá tún bá irú ọ̀rọ̀ yẹn pàdé láàárọ̀ ọ̀la, àyà mi á tún já.

Tóbi ti pé 22 báyìí, ìlú míì ló ń gbé. Ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Sunday, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ta mí lólobó pé ó ṣì ń kọ ìtàn, òun ló sì ń fi wọ́n hàn. Ìwé tí mo ya, mo kó o jáde nínú ìdọ̀tí lóru ọjọ́ náà, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ òkè ìgbéyàwó mi. Gbogbo Kérésìmesì tó bá wálé ni mo ń sọ pé màá gbé e fún un. Ojú ewé kan sọnù nínú rẹ̀, èyí tí mo kọ́kọ́ ṣí yẹn. Mi ò mọ ohun tí màá sọ bó bá wá a tí kò rí i.