Kí ni omijé màlúù tó wà lára àpáta Sàhárà túmọ̀ sí?

Àbúrò, ìbéèrè ẹ dáa. O ní o ka ewì kan nípa màlúù tó ń sunkún lára àpáta ní aṣálẹ̀ Àlgéríà, o sì fẹ́ mọ ohun tí omijé yẹn jẹ́. Èsì tí wọ́n ti fún ẹ ṣáájú mi ló ń bí mi nínú, pé àwọn àjèjì láti Mars ló ya á. Mars báwo! Henri Lhote, ọmọ Faransé tó kó àwọn ayàwòrán lọ sí Tassili n'Ajjer, àwọn òkè àpáta kan ní aṣálẹ̀ Àlgéríà, ní 1956, ló pe àwòrán kan tó wà níbì kan tí wọ́n ń pè ní Jabbaren níbẹ̀ ní òrìṣà ará Mars, àtìgbà náà làwọn èèyàn ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri, bẹ́ẹ̀ àwòrán tó wà ní Tassili ju 15,000 lọ, ẹranko ló sì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀bá ìlú Djanet làwọn màlúù tiẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ń pè ní Tegharghart. Wọn ò fi ọ̀dà kùn ún o, ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú òkúta, ìwo wọn gùn gbọọrọ, wọ́n dorí kodò, ẹ̀kán omi kan wà lábẹ́ ojú. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé darandaran kan da ẹran ẹ̀ wá síbi omi tí wọ́n ti ń mu tẹ́lẹ̀, wọ́n débẹ̀, omi ti gbẹ, ni màlúù bá bú sẹ́kún. Má pe ìyẹn ní àlọ́ lásán, torí Sàhárà ti jẹ́ ilẹ̀ koríko àti adágún rí, kódà erinmi wà lára àwọn àpáta Tassili, kí ilẹ̀ náà tó gbẹ ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn.

Ohun témi gbà gbọ́, tí mi ò sì ní yẹ̀ lórí ẹ̀, ni pé ewì ló ṣáájú àwòrán. Ẹni tó mọ bí ojú màlúù ṣe ń rí tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ti máa kì í, ti máa dárò ẹ̀, kó tó mú òkúta tó fi gbẹ́ ẹ, bí ọdẹ wa ṣe gbọ́dọ̀ mọ ìrìn ẹfọ̀n kó tó lè fi ìjálá kì í. Ràkúnmí ló dé kẹ́yìn sára àwọn àpáta yẹn, òun náà sì lọkùnrin Tuareg, àwọn ẹ̀yà tó ń gbé aṣálẹ̀ Sàhárà, ń yìn nínú ewì títí dòní tí obìnrin bá ń ta imzad, gòjé olókùn kan tó jẹ́ pé obìnrin ló ń ta á.

Àmọ́ àwọn akéwì ìsinsìnyí, wọ́n á wo fọ́tò lórí fóònù, wọ́n á kọ "àdììtú aṣálẹ̀", wọn ò ní dárúkọ ìwo, wọn ò ní dárúkọ omi. Àwa náà ńkọ́? Bi ọmọ ilé ẹ léèrè oríkì erin, wàá rí i pé ó máa wò ẹ́ bọ̀ọ̀. Ó ń dùn mí gan-an.

Tún ewì tó o kà yẹn kà. Tí kò bá dárúkọ omi tó gbẹ níbì kankan, a jẹ́ pé omijé nìkan lẹni tó kọ ọ́ rí.