Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ìjókòó Wo Ló Lè Dáàbò Bo Ẹ̀yìn Atukọ̀?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń yọ mí lẹ́nu, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọ̀kan nínú àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn mi ti yọ síta díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń sáré, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 7, ni mo ń tù. Nígbàkígbà tí ìgbì bá gbé e sókè tó sì fi í lu omi, ìrora máa ń gba ìbàdí mi sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Mo ti rí oríṣiríṣi ìjókòó tí wọ́n ní ó ń gba gbígbá ìgbì mọ́ra: àwọn kan ní sípíríǹgì, àwọn kan ń lo afẹ́fẹ́, àwọn mìíràn kò sì ju fóòmù tó nípọn lọ. Èwo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi ń tà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Kí a tó sọ̀rọ̀ ìjókòó rárá, ìrora tó ń ti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé itan jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ẹ tún fi han dókítà kí ẹ tó padà sórí omi tó ń ru, kí ẹ sì bi í ní pàtó bóyá ẹ̀yìn yín ṣì lè gba gbígbá òjijì. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò bá ṣeé mú dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kò sí ìjókòó tó lè wo ìyẹn.

Ohun tó ń pa ẹ̀yìn lára nínú ọkọ̀ tó ń sáré kì í ṣe pé ìjókòó le, bí kò ṣe pé ara ń dúró lójijì. Bí ọkọ̀ bá já bọ́ láti orí ìgbì, ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ń bá a já bọ́. Nígbà tí omi bá dá ọkọ̀ dúró, ara náà gbọ́dọ̀ dúró pẹ̀lú, bí àyè tó ní láti fi dúró bá sì ṣe kúrú tó ni agbára tó gun ọ̀pá ẹ̀yìn yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ara bá já láti ìdajì mítà, tí kò sì ní ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ láti fi dúró, ìdádúró náà yóò lágbára tó ìlọ́po 10 òòfà ilẹ̀. Bí ó bá ní sẹ̀ǹtímítà 20, yóò wálẹ̀ sí ìlọ́po 2 àti ààbọ̀. Lójú omi, iye náà kò ní rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń wọ inú omi díẹ̀ kó tó dúró, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe ju èkejì lọ ni kí ẹ fi sọ́kàn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi òǹtajà ni pé: sẹ̀ǹtímítà mélòó ni ìjókòó yìí lè rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀? Láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wúlò wà.

Ibí yìí ni fóòmù ti kùnà, bó ti wù kó nípọn tó. Apá kan nínú nínípọn rẹ̀ ti lọ sábẹ́ ìwúwo ẹni tó jókòó kí ìgbì tó dé rárá, ohun tó kù kò sì tó nǹkan. Ó tún ní àléébù mìíràn tí àwọn tó ń tà á kì í mẹ́nu bà. Ara ẹni tó jókòó máa ń gbọ̀n jù lọ nígbà tí ohun tó jókòó lé bá ń mì bíi ìgbà 4 sí 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; fóòmù rírọ̀ sì sábà máa ń mì ní ìwọ̀n tó sún mọ́ ìyẹn, tó fi jẹ́ pé ó lè fi kún ohun tí a rà á pé kó dín kù. Fóòmù dára lórí ìjókòó gidi, kí ìdí má bàa ro ènìyàn. Òun nìkan kọ́ ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìjókòó tó ní sípíríǹgì tàbí afẹ́fẹ́ ni ẹ nílò, ó sì gbọ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀kì bíi ti abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú. Sípíríǹgì tí kò ní ṣọ́ọ̀kì yóò ta yín padà sókè, ẹ ó sì pàdé ìgbì kejì kí ara yín tó balẹ̀. Láàárín sípíríǹgì àti afẹ́fẹ́, èmi kò rí ìdí tí ẹni tó ń dá ọkọ̀ rẹ̀ tù fi ní láti da ara rẹ̀ láàmú: sípíríǹgì tí a lè fún le tàbí dẹ̀ tó fún un. Bí àwọn tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra bá ń gba orí ìjókòó kan náà, afẹ́fẹ́ ló rọrùn jù, nítorí fífún un tàbí títú u sílẹ̀ kò gba àkókò. Ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbéra, kí ó má baà jẹ́ pé ó ti ń jò.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ìjókòó tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fúyẹ́ jù yín lọ yóò rìn dé òpin ìrìn rẹ̀ nígbà tí ìgbì ńlá bá dé, yóò sì gbá irin mọ́ irin. Gbígbá yẹn lè burú ju èyí tí ẹ ò bá jẹ lórí ìjókòó tí kò ní sípíríǹgì rárá. Èyí tó le jù fún yín kò ní rìn tó, ẹ ó sì kàn ti náwó lásán. Kí ẹ sọ ìwúwo yín fún òǹtajà pẹ̀lú aṣọ àti ẹ̀wù amúniléfòó tí ẹ máa ń wọ̀, kì í ṣe ti ara nìkan.

Nípa bí ìjókòó ṣe rí, mo fara mọ́ èyí tí a ń la ẹsẹ̀ sí méjèèjì gùn, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń bá ìdí gbé lára ìwúwo, ẹ̀yìn a sì dúró bí Ọlọ́run ṣe dá a. Kí ó ní ohun tí yóò gbé ìbàdí ró láti ẹ̀yìn, kí ó sì ní ìgbátí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí sípíríǹgì tó ń lọ sókè sódò kò lè ṣe nǹkan kan sí ìgbì tó gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó pé, bí ìjókòó bá wà lókè pátápátá àti bó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ yín ṣì ń tó sítíárìn láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ yín sì ń tẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ tàbí tó lọ́ nígbà tí gbígbá dé ló máa ń fara pa jù.

Ní ti ẹ̀rí, ẹ béèrè èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹni tí ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ tiyín, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n tẹ̀ lé ìlànà ISO 2631 apá karùn-ún (ISO ni àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀), tó jáde ní 2004 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018, nítorí ohun tí gbígbá léraléra ń ṣe sí ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an ni ó dá lé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ lójú omi. Kí ènìyàn máa fò jókòó lórí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kò fi ohunkóhun hàn.

Kí ẹni tó máa dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ fi irin pẹlẹbẹ tó gbòòrò sábẹ́ bóòtì tó fi dè é, kí ilẹ̀ ọkọ̀ má baà ya. Bí ó bá jẹ́ omi iyọ̀ ni ẹ ń rìn, ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo ibi tó ń rìn lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí òróró lára ṣọ́ọ̀kì, ó ti ń jò nìyẹn.

Ìbéèrè: Olóòtú, èmi máa ń dìde dúró tí omi bá ti ń ru, mo sì ń fi orúnkún gba gbígbá náà. Ṣé kí n ṣì ra ìjókòó?

Ìdáhùn: Orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀ ní àyè ìrìn tó ju ti ọ̀pọ̀ ìjókòó lọ, nítorí náà ẹ kò ṣì í ṣe. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé iṣan itan máa ń rẹ̀. Bó bá ti rẹ̀, orúnkún a nà gbọnrangandan láìjẹ́ pé ẹ fura, gbígbá tó kàn a sì lọ tààrà sí ẹ̀yìn. Ó tún gba pé kí ẹ rí ìgbì kó tó dé, èyí tí kò ṣeé ṣe lálẹ́. Ìjókòó gíga, tí ẹ lè dìde lórí rẹ̀ tí ẹ sì tún lè fara tì, ni ó yẹ yín.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ènìyàn 6 ni ọkọ̀ mi ń gbé, owó ìjókòó 2 péré ni mo sì ní. Ibo ni kí n dè wọ́n sí?

Ìdáhùn: Iwájú ọkọ̀ ni gbígbá ti máa ń le jù, ó sì máa ń dín kù bí a bá ṣe ń lọ sí ìdí ọkọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí iwájú pátápátá nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ẹ kó àwọn tó wà lórí ìjókòó lásán sí ìdí ọkọ̀, kí ẹ sì de ìjókòó tuntun sí iwájú wọn. Atukọ̀ ló sábà máa ń gba ọ̀kan, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀: ẹni tí ìjókòó rẹ̀ dára kì í mọ ohun tí ojú àwọn tó kù ń rí, ó sì lè máa fún ẹ́ńjìnnì níná ju bó ti yẹ lọ. Kí ó máa bi wọ́n léèrè lóòrèkóòrè, bí ẹnì kan bá sì ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí ó dín iná kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.