"Abéèrè kì í ṣìnà": oríta ni wọ́n ti ń pa òwe yìí

Ẹnì kan béèrè bóyá ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ nìkan ni "abéèrè kì í ṣìnà" ń bá wí. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ kiri pé ohun tí òwe náà ń sọ kò ju kéèyàn la ẹnu, kó máa da ìbéèrè bo gbogbo ẹni tó bá rí. Rárá o! Ẹni tó jókòó sílé kò lè ṣìnà. Ẹni tó ti dìde, tó mọ ibi tó ń lọ, tó ti rìn dé oríta, lòwe ń bá sọ̀rọ̀. Kò sì sí ọ̀nà jíjìn tó ní oríta kan ṣoṣo. Nítorí náà, ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nílò òwe yìí ju ọmọ tuntun lọ. Ọmọ tuntun mọ̀ pé òun kò mọ̀nà. Ọ̀gá rò pé ọ̀nà àná náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí yé Taiichi Ohno ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ní Jàpáàn dáadáa. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa béèrè "kí ló fà á?" lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí ìṣòro kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kan dúró. Kí ló fà á? Iṣẹ́ pọ̀ jù fún un, fíúsì bá jó. Kí ló fà á? Ọ́ìlì kò tó lára bẹ́árìn, ìyẹn ohun tó ń gbé irin tó ń yí dúró. Kí ló fà á? Pọ́ǹpù kò fa ọ́ìlì tó. Kí ló fà á? Irin tó ń yí nínú pọ́ǹpù ti gbó. Kí ló fà á? Kò sí asẹ́ lẹ́nu pọ́ǹpù, àfọ́kù irin ń wọlé. Ẹni tó dúró lórí ìdáhùn àkọ́kọ́ á pààrọ̀ fíúsì, fíúsì á sì tún jó. Ohun méjì ló ń ba ètò yìí jẹ́: kí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì máa méfò ìdáhùn láìlọ wo ẹ̀rọ, àti kí "kí ló fà á?" di "ta ló ṣe é?" Bó bá ti di "ta ni," kálukú á gbé òótọ́ pa mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ bi ẹni tó mọ̀ jù yín lọ, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, ohun tí ẹ ti ṣe, àti ibi tó ti dí: "Mo fẹ́ kí ìṣírò owó oṣù yìí bára mu. Mo ti fi wé àwọn rísíìtì. Ìlà méjì ló ṣẹ́ kù. Èwo ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?" Ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín tún ìdáhùn náà sọ létí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà gan-an.



Ìdáhùn tí a kò padà sí ń sá lọ. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ará Jámánì, tẹ àbájáde ìdánwò tó ṣe lórí ara rẹ̀ jáde: nígbà tó tún ohun tó ti há sórí kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan, bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló dín kù nínú àkókò tó fi kọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ padà sí i lọ́la, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ pa ìwé dé ná, kẹ́ ẹ rántí, kẹ́ ẹ tó ṣí i wò.

Ó dùn mí pé fóònù ti ń dá wa lóhùn ká tó dé oríta rárá, tí a sì ti gbàgbé kílẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ tó tẹ ìbéèrè sínú rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ìdáhùn jẹ́ sílẹ̀. Ibi tí tiyín àti tirẹ̀ bá ti yàtọ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.