Ọmọ mi ní ẹni tó da epo nù ló jẹ̀bi jù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láìpẹ́ yìí, àkọ́bí mi ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, epo náà sì dà nù tán. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àbúrò rẹ̀ jí ẹran kan mú nínú ìkòkò ọbẹ̀, ó sì purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bi àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún 6, pé ta ló jẹ̀bi jù. Ó ní ẹni tó da epo nù ni. Ṣé n kò tọ́ ọmọ yìí dáadáa ni? Ìgbà wo gan-an ni ọmọ ń mọ rere yàtọ̀ sí búburú? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Irú ìdáhùn yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ kéékèèké fún Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ Switzerland, tó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1932. Ó sọ ìtàn ọmọ méjì fún wọn: ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn láìmọ̀ pé wọ́n to ife 15 sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn sì fọ́; èkejì gun àga láti yọ́ mú jáàmù nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé, ó sì fọ́ ife kan ṣoṣo. Iye ife tó fọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kéré wò. Àwọn tó ti ń sún mọ́ ọdún 10 ló ń béèrè ohun tí oníkálukú ní lọ́kàn.

Síbẹ̀, ọmọ kékeré kì í ṣe òpè nípa ìwà. Elliot Turiel, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ mọ̀ pé kò dára láti lu ẹlòmíì, kódà bí olùkọ́ bá fàyè gbà á, nítorí pé ó ń dun ẹni tí wọ́n lù. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá yí òfin aṣọ wíwọ̀ padà, kò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ìwádìí kan tí òun àti àwọn ẹlòmíì tẹ̀ jáde ní ọdún 1986 fi hàn pé àwọn ọmọ Ijaw ní Nàìjíríà níbí náà mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Àwa òbí ni mo fẹ́ bá wí díẹ̀. Piaget fúnra rẹ̀ kíyè sí i pé àgbà a máa bínú gẹ́gẹ́ bí ohun tó bàjẹ́ bá ṣe pọ̀ tó. Bí a bá figbe ta nítorí epo, tí a kàn pòṣé lásán nítorí irọ́, igbe yẹn ni ọmọ yóò fi wọn ẹ̀ṣẹ̀, ohun yòówù tí a bá wàásù fún un lẹ́yìn náà. Martin Hoffman, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó yẹ oríṣiríṣi ọ̀nà ìbáwí wò, rí i pé òbí tó ń ṣàlàyé fún ọmọ bí ìwà rẹ̀ ṣe pa ẹlòmíì lára ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa ń wọ ọmọ lára ju ti òbí tó gbára lé ìyà nìkan lọ.

Nítorí náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àkọ́bí yín lójú àwọn àbúrò rẹ̀ pé ó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kí ẹ sì jọ nu ilẹ̀ náà. Ẹ pe ẹni tó jí ẹran jókòó, ẹ bi í bí yóò ṣe rí lára òun bí wọ́n bá purọ́ mọ́ òun, kí ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹ bá tún ń pàlọ́ Ìjàpá fún àbíkẹ́yìn, ẹ má tètè sọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni Ìjàpá ń gbèrò, kí ẹ sì fún un láyè láti dáhùn.